Bí ilé iṣẹ́ bá fi OS fóònù sílẹ̀, kí ló kù sí wa lọ́wọ́?

"Alàgbà, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ilé iṣẹ́ tó ń bá àwọn oníṣòwò pín ọjà kiri ni mo ní nílùú Ìbàdàn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi mẹ́wàá ń fi fóònù gba iṣẹ́ lórí WhatsApp, wọ́n ń fi wá ojú ọ̀nà, wọ́n sì ń fi áàpù báǹkì wò ó bóyá owó oníbàárà ti wọlé. Ẹni tó ń bá wa tún fóònù ṣe ní ká ra Pixel 5 àlòkù, fóònù Google, kí òun fi LineageOS sí i, ìyẹn OS (ètò tó ń darí fóònù) tí àwọn olùyọ̀ǹda ara ń ṣe láti ara Android, pé yóò máa gba update lọ bí Google tilẹ̀ ti pa á tì. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ká má dán an wò, pé kò sí ilé iṣẹ́ kankan lẹ́yìn rẹ̀, pé ọjọ́ tó bá ti rẹ àwọn tó ń ṣe é, ó tán nìyẹn. Ó ní ká wá OS tí ilé iṣẹ́ ńlá gbé owó lé. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?"

Bí ìbéèrè yín ṣe yé mi, ohun tó ń bà yín lẹ́rù ni pé kí ẹ má lọ náwó sórí fóònù mẹ́wàá tán, kí ẹni tó ń ṣe OS wọn wá ká ọwọ́ kúrò. Ó yẹ kó bà yín lẹ́rù lóòótọ́. Ibi tí ẹ̀gbọ́n yín ń wò kọ́ ni ewu náà ti máa ń wá, ṣá. Ẹ wo àwọn OS fóònù tó lókìkí tó sì kú. Nokia ṣí kóòdù Symbian, ìyẹn àwọn ìlànà tí wọ́n fi kọ OS fóònù rẹ̀, sílẹ̀ fún gbogbo ayé lóṣù kejì ọdún 2010. Ọdún kan péré lẹ́yìn náà, ó ní Windows lòun ń bá lọ. MeeGo, Nokia àti Intel ló jọ bí i lọ́dún 2010, kò sì ju N9 lọ fóònù tó lórúkọ tó bá a jáde kí Intel tó di ẹrù rẹ̀ lọ bá Samsung níbi Tizen lọ́dún 2011. HP fi bílíọ̀nù 1.2 dọ́là ra Palm nítorí webOS tó jẹ́ OS rẹ̀, kò pé ọdún méjì tó fi ní òun ò ṣe fóònù mọ́, ìgbà tó ti pa á tì tán ló tó ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀. Kò sí èyí tí kò ní bàbá ìsàlẹ̀ nínú gbogbo wọn. Ọwọ́ bàbá ìsàlẹ̀ náà ni wọ́n kú sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú kókó kan. Kì í ṣe òótọ́ pé kò sí ilé iṣẹ́ lẹ́yìn LineageOS. Google wà lẹ́yìn rẹ̀, bí wọn ò tilẹ̀ jọ ní àdéhùn. Google ra Android lọ́dún 2005, ó sì kó ilé iṣẹ́ 34 jọ lóṣù kọkànlá ọdún 2007 láti gbé e jáde. Púpọ̀ nínú kóòdù rẹ̀ wà lábẹ́ láísẹ́ǹsì Apache, èyí tó gba ẹnikẹ́ni láyè láti mú un, kó tún un ṣe, kó tà á, láìjẹ́ pé ó dá àtúnṣe tirẹ̀ padà fún ẹnì kankan. Apá tó ṣí sílẹ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní AOSP, òun ni LineageOS sì dúró lé. Play Store, Google Maps àti Play Services (ètò abẹ́lẹ̀ Google tí ọ̀pọ̀ áàpù gbára lé) ò sí nínú rẹ̀. Àdéhùn ni Google fi ń fún àwọn tó ń ṣe fóònù ní ìyẹn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de Huawei lóṣù karùn-ún ọdún 2019, kò sẹ́ni tó lè gba AOSP lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn fóònù tuntun rẹ̀ ò rí Play Store lò mọ́. Nítorí náà, owó oṣù àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú LineageOS, àpò Google ló ti ń jáde. Bí Google bá yí ọwọ́ padà, Lineage máa mọ̀ ọ́n lára. Ó sì ti yí i padà: láti ìparí oṣù kẹta ọdún 2025, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti ń ṣe gbogbo iṣẹ́ Android, ìgbà tó bá parí ló ń gbé kóòdù síta. Nígbà tí Android 16 sì jáde lóṣù kẹfà ọdún náà, kóòdù AOSP jáde, ṣùgbọ́n àwọn fáìlì tó ń sọ fún OS ohun tó wà nínú fóònù Pixel kọ̀ọ̀kan, tó máa ń bá a jáde tẹ́lẹ̀, ò bá a jáde. Àwọn tó ń bójú tó Pixel nínú Lineage wá ní láti máa wá wọn fúnra wọn. Pixel 5 tiyín ti dàgbà kọjá èyí, torí fáìlì tirẹ̀ ti wà níta tipẹ́. Bí ẹ bá ń ronú láti ra Pixel tuntun fún Lineage, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Kókó kejì ni ọ̀rọ̀ "ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn" fúnra rẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ohun kan ṣoṣo ni, ó kúkú tó mẹ́fà. Owó oṣù àwọn tó ń kọ kóòdù wà níbẹ̀. Server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí update ti ń wá, wà níbẹ̀. Orúkọ OS náà wà níbẹ̀ lábẹ́ òfin. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń buwọ́ lu update kọ̀ọ̀kan kí fóònù tó gbà á wà níbẹ̀. Driver, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí OS lè bá ẹ̀yà inú fóònù ṣiṣẹ́, látọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe chip, bíi Qualcomm, wà níbẹ̀, àti ìgbàlejò tí àwọn tó ń ṣe áàpù máa fún OS náà. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè bá ilé iṣẹ́ lọ. Ìbéèrè tó wúlò fún ẹni tó fẹ́ náwó ni pé lọ́jọ́ tí ilé iṣẹ́ náà bá lọ, èwo nínú mẹ́fà yìí ló máa kó lọ, èwo ni àwọn tó kù lè rí ẹlòmíì tí yóò pèsè rẹ̀?

Ìtàn Cyanogen ló fi èyí hàn jù, inú rẹ̀ náà sì ni LineageOS ti jáde. Steve Kondik ló bẹ̀rẹ̀ CyanogenMod lọ́dún 2009, àwọn olùyọ̀ǹda ara káàkiri ayé sì bá a dá sí i títí ó fi wà lórí ọ̀pọ̀ irú fóònù. Lọ́dún 2013, iṣẹ́ ìfẹ́ yìí di ilé iṣẹ́ Cyanogen Inc., àwọn olùdókòwò Amẹ́ríkà sì ń da owó sí i. Lóṣù kẹta ọdún 2015, mílíọ̀nù 80 dọ́là wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Owó náà ṣiṣẹ́, ká má purọ́. OnePlus One jáde lọ́dún 2014 pẹ̀lú Cyanogen OS lórí rẹ̀ láti ilé tí wọ́n ti ṣe é, ohun tí olùyọ̀ǹda ara ò lè dá ṣe. Àmọ́ ẹni tó dókòwò ń retí èrè. Wàhálà àkọ́kọ́ ti dé láti ọdún 2013 tí wọ́n dá a sílẹ̀: ilé iṣẹ́ náà ní kí ẹni tó kọ áàpù kámẹ́rà Focal jẹ́ kí àwọn tún lo kóòdù rẹ̀ lábẹ́ láísẹ́ǹsì míì tó máa gba òwò láyè, ọ̀gbẹ́ni náà kọ̀, ó sì kó áàpù rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fún Micromax, ilé iṣẹ́ fóònù ní Íńdíà, ní ẹ̀tọ́ pé òun nìkan ni yóò máa ta fóònù Cyanogen ní Íńdíà, níbi tí OnePlus náà ti ń múra àtiṣí ọjà. Ọ̀rọ̀ dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Delhi lóṣù kejìlá ọdún 2014, wọ́n dá títa OnePlus One dúró níbẹ̀ fúngbà díẹ̀, OnePlus sì lọ ṣe OxygenOS tirẹ̀. Oníbàárà tó gbayì jù lọ ti bọ́ lọ́wọ́ nìyẹn. Kondik fi ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ lóṣù kọkànlá ọdún 2016, nígbà tó sì ku bí ọjọ́ méjì kí Kérésìmesì ọdún náà pé, wọ́n kéde pé ó pẹ́ tán, ọjọ́ 31 oṣù kejìlá, gbogbo server máa kú.

Kóòdù ò kú. Láísẹ́ǹsì ò jẹ́ kó kú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó bá ilé iṣẹ́ náà lọ. Orúkọ lọ, torí ilé iṣẹ́ ló ni ín lábẹ́ òfin, ó sì lè tà á fún ẹnikẹ́ni lọ́la. Àwọn olùyọ̀ǹda ara dà bí ẹni tó kọ́lé sórí ilẹ̀ onílẹ̀: bíríkì tiwọn, ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ní ọjọ́ 24 oṣù kejìlá, wọ́n sọ ara wọn ní LineageOS. Server lọ, wọ́n ní láti tọrọ òmíì. Kọ́kọ́rọ́ ìbuwọ́lù náà yí padà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹni tó ń lo fóònù jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀. Android kì í gbà kí áàpù tí kọ́kọ́rọ́ kan buwọ́ lù gorí èyí tí kọ́kọ́rọ́ míì ti buwọ́ lù, títí kan àwọn áàpù inú OS fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá kàn gbé LineageOS lé CyanogenMod lórí, fóònù rẹ̀ lè máà ṣí dáadáa àfi tó bá pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́. Ọgbọ́n tí wọ́n dá lóṣù kìíní ọdún 2017 ni pé wọ́n ṣe build (ẹ̀dà OS tó ti ṣeé fi sórí fóònù) àfigbákọjá kan: ẹ máa kọ́kọ́ fi ìyẹn sí i, yóò bá yín yí ìbuwọ́lù padà, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ̀rọ̀ gàdàgbà sójú rẹ̀ kó má wu ẹnì kankan láti dúró síbẹ̀, ẹ ó wá fi build gidi lé e. Gbogbo àṣẹ tí ẹ ti fún àwọn áàpù, bíi lílo kámẹ́rà àti ìwé nọ́ńbà, ẹ ó tún fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ní fóònù kan lè fara mọ́ ọn. Ẹni tó ní mẹ́wàá, ọjọ́ iṣẹ́ kan ti lọ nìyẹn, bí nǹkan kan ò bá bà jẹ́.

Ti Canonical, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Ubuntu fún kọ̀ǹpútà, fi apá kejì hàn, ìyẹn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí owó oṣù bá dáwọ́ dúró ṣùgbọ́n tí kóòdù ò ní ìdènà. Canonical kéde Ubuntu fún fóònù lóṣù kìíní ọdún 2013. Ní àárín ọdún náà, wọ́n tọrọ mílíọ̀nù 32 dọ́là lọ́wọ́ gbogbo ayé láti fi ṣe fóònù Ubuntu Edge, ó sì kù díẹ̀ kó pé mílíọ̀nù 13 tí èèyàn ṣèlérí, nítorí náà wọn ò ṣe é. Fóònù bq àti Meizu jáde láti ọdún 2015, nígbà tó sì di ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2017, Mark Shuttleworth tó dá Canonical sílẹ̀ ní àwọn ò náwó sórí fóònù mọ́. Ẹgbẹ́ olùyọ̀ǹda ara kan, UBports, gbà á, ó wà láàyè títí dòní. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń yára tó. Ubuntu 15.04 ni Canonical fi sílẹ̀ fún wọn, tó ti kọjá àsìkò rẹ̀. Ó di ọdún 2018 kí wọ́n tó gbé e dé orí 16.04, ó sì di oṣù kẹta ọdún 2023 kí wọ́n tó dé orí 20.04, nígbà tí àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ 16.04 ti parí láti ọdún 2021. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ kan ń san owó oṣù fún ni àwọn èèyàn kan ń fi alẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ ṣe. OS tí ilé iṣẹ́ fi sílẹ̀ lè máà kú, ṣùgbọ́n yóò máa rìn lẹ́yìn.

Ti Firefox OS kúrú. Mozilla gbé e jáde lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú lọ́dún 2013, ó sì jáwọ́ lóṣù kejìlá ọdún 2015. Ilé iṣẹ́ míì mú kóòdù náà, ó sọ ọ́ di KaiOS, Google fúnra rẹ̀ fi mílíọ̀nù 22 dọ́là sí i lọ́dún 2018, MTN àti Orange sì gbé fóònù rẹ̀ wá sí Áfíríkà. Owó wà, ilé iṣẹ́ wà. Síbẹ̀ WhatsApp ti ṣíwọ́ lórí KaiOS báyìí. Bó bá jẹ́ pé òun lẹ rà fún àwọn ọmọ iṣẹ́ yín nítorí pé ilé iṣẹ́ ńlá wà lẹ́yìn rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ fẹ́ fi fóònù ṣe ti lọ nìyẹn. Ẹni tó ni áàpù ló ń pinnu OS tí òun máa bá ṣe, ẹni tó ni OS ò sì lè fipá mú un.

Ó wá ku ti Pixel 5 yín. Ẹni tó ń bá yín tún fóònù ṣe ń sọ òótọ́ pé Google ti dáwọ́ update ààbò rẹ̀ dúró láti ọdún 2023 àti pé Lineage lè máa fún un ní tuntun. Apá kan lára òótọ́ nìyẹn. Àtúnṣe tí Lineage ń rí mú ni ti kóòdù Android tó ṣí sílẹ̀. Èyí tó wà nínú modem (ẹ̀yà tó ń gba network), nínú driver kámẹ́rà àti nínú chip Qualcomm fúnra rẹ̀, títì ni kóòdù wọn wà, ibi tí Google bá fi wọ́n sí ni wọ́n máa wà. LineageOS ò fi èyí pa mọ́: ojú ewé kan wà nínú Settings rẹ̀ tó ń jẹ́ Trust, déètì méjì ló ń fi hàn níbẹ̀, ọ̀kan fún Android, ọ̀kan fún vendor, ìyẹn àwọn tó ṣe fóònù àti ẹ̀yà inú rẹ̀. Lórí fóònù tí wọ́n ti pa tì, ti àkọ́kọ́ á máa yí padà, ti ìkejì á dúró gbagidi sórí ọdún tí ilé iṣẹ́ ti jáwọ́. Kò túmọ̀ sí pé wọ́n máa jà yín lólè lọ́la, ó kàn jẹ́ pé ààbò náà ò pé.

Ohun tó lè da iṣẹ́ yín rú gan-an ni áàpù báǹkì. Kí LineageOS tó wọlé, ẹ máa ṣí bootloader fóònù náà, ìyẹn ètò tó ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ tí fóònù bá ń tàn, tó sì ń pinnu OS tó lè wọlé. Ọ̀pọ̀ áàpù báǹkì sì máa ń bi Play Integrity ti Google léèrè bóyá fóònù yìí ṣeé gbà gbọ́, èyí tí bootloader rẹ̀ bá sì ṣí sílẹ̀ kì í yege níbẹ̀. Báǹkì kan lè má ka èyí sí, òmíì á ní áàpù ò ṣí. Èyí tó ń ṣí lónìí sì lè kọ̀ lẹ́yìn update tí báǹkì bá ṣe lọ́la. Mi ò lè ṣèlérí fún yín lórí báǹkì yín. Ọ̀nà wà tí àwọn ọmọ kan ń gbà tan Play Integrity jẹ, ẹ má fi owó oníbàárà sórí ìyẹn. Google ń dí i, wọ́n ń ṣí òmíì, àárín ọjọ́ iṣẹ́ sì ni í máa ń bà jẹ́. Ẹ má sì rò pé /e/OS máa yanjú eléyìí nítorí pé ilé iṣẹ́ Murena wà lẹ́yìn rẹ̀, orí LineageOS ni wọ́n kọ́ òun náà lé. Murena ń ta fóònù tó ti wà lórí rẹ̀, ìyẹn dára fún ẹni tí kò fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n ìṣòro báǹkì ò tíì kúrò ńlẹ̀.

Ohun tí èmi máa ṣe bó bá jẹ́ iṣẹ́ mi ni pé mi ò ní fi LineageOS sórí fóònù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Fóònù tí ẹni tó bá ń gba owó ń lò, kó jẹ́ èyí tó ṣì ń gba update lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Samsung ṣèlérí ọdún mẹ́fà fún Galaxy A16 tó jáde ní ìparí ọdún 2024, Google sì ṣèlérí ọdún méje fún Pixel 8 tó jáde lọ́dún 2023; ẹ ka ọdún náà láti ìgbà tí fóònù jáde, kì í ṣe láti ọjọ́ tí ẹ rà á. Èyí tó jẹ́ ti WhatsApp àti ojú ọ̀nà nìkan, LineageOS tó o, ó sì máa dín owó kù.

Bí ẹ bá máa ra Pixel àlòkù fún un, ẹ má sanwó kí ẹ tó wo èyí. Ẹ so fóònù náà mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wọ Settings, ẹ lọ sí About phone, ẹ tẹ Build number lẹ́ẹ̀méje, ẹ padà wá Developer options, ẹ wo OEM unlocking níbẹ̀. Bó bá ṣeé tàn, ó dáa. Bó bá fàwọ̀ eérú tí kò gbọ́ ìtẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tí Verizon tà ní Amẹ́ríkà, bootloader irú rẹ̀ kì í ṣí, irú wọn sì wà nínú àlòkù tó ń wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ wo orúkọ fóònù náà nínú àkójọ LineageOS fúnra rẹ̀, kí ẹ wo déètì build tó jáde kẹ́yìn. Bí èyí tó kẹ́yìn bá ti lé ní oṣù kan, ẹni tó ń bójú tó o lè ti fi í sílẹ̀, ẹ wá òmíì.

Nígbà tí ẹ bá ń fi sí i, kí ẹni tó ń tún un ṣe rántí pé àṣẹ fastboot flashing unlock tó ń ṣí bootloader máa pa gbogbo ohun tó wà lórí fóònù rẹ́. Firmware (ètò inú àwọn ẹ̀yà fóònù) tí fóònù wà lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá èyí tí ìtọ́nisọ́nà fóònù náà béèrè mu, àìbáramu rẹ̀ ló sábà máa ń fa kí fóònù máa tan kó tún máa kú. Kó yẹ SHA256 fáìlì náà wò, ìyẹn àmì tó ń fi hàn pé fáìlì náà ò yí padà, kó tó fi adb sideload gbé e wọlé láti orí kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá sì fẹ́ Play Store, kó fi àwọn áàpù Google tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí fóònù tó kọ́kọ́ tan. Bó bá tan tán kí wọ́n tó fi sí i, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò gbọdọ̀ ti bootloader padà lẹ́yìn náà, fóònù lè di òkúta. Ẹ bi í léèrè bóyá build àwọn Lineage fúnra wọn ló ń lò àbí èyí tí ẹnì kan ṣe nílé. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe nílé, kọ́kọ́rọ́ ìdánwò tó wà níta fún gbogbo ayé ni wọ́n fi buwọ́ lù ú, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe ibi sì lè fi kọ́kọ́rọ́ kan náà ṣe áàpù tí fóònù yín máa gbà gẹ́gẹ́ bí ara OS. Kó so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, kó tẹ adb shell getprop ro.build.tags níwájú yín. Release-keys ló yẹ kó jáde. Bó bá jẹ́ test-keys, ẹ má gbà á.

Ẹ ní kó fi fáìlì OS, recovery (ètò tí wọ́n ń gbà fi OS sí fóònù) àti firmware fóònù kọ̀ọ̀kan pa mọ́ sórí flash kan fún yín, pẹ̀lú déètì wọn. Lọ́jọ́ tí server Cyanogen kú, ọ̀pọ̀ ló ń wá fáìlì fóònù wọn kiri lọ́dọ̀ àwọn tí wọn ò mọ̀ rí. Ẹ kọ́kọ́ ra méjì péré, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ méjì fi ṣiṣẹ́ fún oṣù kan gbáko, kí update ó kéré tán mẹ́ta ti gorí rẹ̀, kí ẹ tó ra ìyókù.